Wárápá Lọ, Àpá Iná Kù

Ní ọdún tó kọjá, a ń sọ ọmọ lórúkọ ní àdúgbò wa ní Ìjàgbó, ìlú wa tí òun àti Ọ̀fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ògiri kan ara wọn. Wọ́n ti fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n ti ń bu ìrẹsì, nígbà tí ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, ké igbe ẹyọ kan, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ara rẹ̀ le gbagidi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

Kí a tó ṣẹ́jú, àga ti ṣófo. Àwọn obìnrin ti gbé ọmọ wọn pọ̀n, àwọn ọkùnrin ti dìde dúró lókèèrè. Ẹnì kan ń pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹ má tẹ itọ́ yẹn o!" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ wá ṣíbí, ẹ fi là á lẹ́nu!" Ìyá àgbàlagbà kan ti sáré lọ sídìí ààrò tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀, ó ti fa ògúnná kan yọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dá a dúró. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gún, ó máa ń tiro. Ó tiro kọjá láàárín àwa tí a dúró bí ère, ó fìdí kalẹ̀, ó yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè máa ṣàn jáde, ó sì ká gèlè rẹ̀ sí i lábẹ́ orí. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ẹ dá ògúnná yẹn padà sídìí ọbẹ̀. Iná kì í lé wárápá. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Kò sí ẹni tó fọhùn. Mo wo aago ọwọ́ mi. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ara ọmọ náà fi rọ̀, ó mí kanlẹ̀, oorun sì gbé e lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, bàbá ọmọ náà wá bá wa nílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé nǹkan yìí máa lọ lára ọmọ mi, àbí bó ṣe máa bá a dọ́jọ́ alẹ́ nìyí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìtàn ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ. Ìtàn náà ni n ó fi dáhùn. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, apá kan jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá, apá kan sì jẹ́ ti agbo ilé wa, èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àìsàn méjì sọ́tọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa wọ́n pọ̀. Gìrì ni ti ọmọ kékeré tí ibà mú, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tí gbígbóná náà sì sọ ọ́ di gbígbọ̀n. Láti ọmọ oṣù mẹ́fà títí di ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń ṣe é. Púpọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí gìrì ṣe ni kì í ní wárápá láéláé. Wárápá ní tirẹ̀ kì í dúró de ibà. Ó lè dé lọ́sàn-án gangan, ó lè dé lójú oorun, ó sì máa ń padà wá. Inú ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Agbára kékeré kan bí iná mànàmáná ni ọpọlọ wa fi ń ránṣẹ́ sí gbogbo ara. Bí iná náà bá ṣàdédé ru gùdù lẹ́ẹ̀kan náà, ara a gbọ̀n, ènìyàn a sì ṣubú. Nígbà mìíràn ọmọ kì í ṣubú rárá. Ojú rẹ̀ a kàn dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a pè é pè é, kò ní gbọ́. Olùkọ́ a ní ó ń ronú ìranù, a sì nà án. Òun náà wárápá ni.

Ohun tó ń fà á pọ̀. Ọmọ tí kò tètè mí nígbà tí wọ́n bí i lè ní in. Ibà tó wọ inú ọpọlọ lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni àrùn lọ́rùnlọ́rùn àti ìfarapa ní orí. Ó lè rìn nínú ìran nígbà mìíràn. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, a kì í rí ìdí kankan. Ṣùgbọ́n wárápá fúnra rẹ̀ kì í ràn. Itọ́ oníwárápá kò lè fún ènìyàn ní wárápá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó kán lápá kò ṣe lè kán ẹlòmíràn lápá.

Àwa kò mọ èyí ní Ìjàgbó ní ọdún 1962. Ọmọ ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, èmi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ní ọdún tó ṣáájú, ibà kan ti mú un tó fi dákú fún ọjọ́ méjì gbáko. Ó là á já, a dúpẹ́, a rò pé ó ti tán. Ọ̀nà odò ló ti kọ́kọ́ ṣubú. Ìkòkò omi fọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sá wálé wá sọ pé nǹkan ti gbé e.

Láti ọjọ́ náà, ayé rẹ̀ yí padà. Wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ya ẹní rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un lójú àti látàrí. Àgbo tó mu kò lóǹkà. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn òbí kan ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn bá a jókòó. Wọ́n bẹ bàbá wa pé kó jẹ́ kó sinmi nílé díẹ̀ ná. Ìsinmi náà kò tán títí di òní. Nínú ilé, a kì í dárúkọ àìsàn náà. "Ohun tí ń ṣe é" ni àwọn àgbà ń pè é, bí ẹni pé bí a bá pe orúkọ rẹ̀, yóò jẹ́ wa.

Mo wá dé ibi tó le láti kọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, nínú ọyẹ́ ọdún 1964. Ẹ̀gbọ́n mi ń yáná nídìí ààrò ìyá bàbá wa, ìyá àgbà sì ti dìde lọ mú nǹkan. Ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì wọ inú iná. Àgbàlagbà mẹ́ta ló wà ní agbo ilé. Gbogbo wọn rí i. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ tí kò kúrò létí mi láti ìgbà náà: "Ẹ fi í sílẹ̀. Iná ni yóò lé e jáde."

Wọn kì í ṣe ìkà. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà. Ohun tí àwọn bàbá wọn sọ fún wọn ni wọ́n gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ló sún mọ́ ọn jù. Bí mo bá na ọwọ́ ni, ọwọ́ mi ì bá kàn án.

Nínú ìdílé wa, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé èmi ni mo sáré lọ pe ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀: "Àbúrò mi yìí ló gbà mí." Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ, tí mo sì ń dákẹ́. Òtítọ́ ibẹ̀ nìyí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo sá lọ sẹ́yìn àká, mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí mi. Òórùn ara tó ń jó ló pe ìyá wa láti ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá wa fi ọwọ́ lásán fà á jáde, ó gbé e mọ́ àyà, itọ́ náà ya bò ó lọ́rùn. Ó lò ju ọgbọ̀n ọdún láyé lẹ́yìn ìgbà náà. Wárápá kò ṣe é rí.

Ọmọ ìwòyí lè ka èyí kó ní àìlajú ló ń da àwọn bàbá wa láàmú. Kí ó ní sùúrù. Kò sí ìran tí kò jẹ nínú ẹ̀sùn yìí. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ gbà pé àwọn òrìṣà ló ń gbé oníwárápá ṣánlẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní àìsàn mímọ́. Ní nǹkan bí 400 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù, ìwé kan jáde lábẹ́ orúkọ Hippocrates, oníṣègùn wọn, tó sọ pé àìsàn yìí kò mọ́ ju àìsàn yòókù lọ, pé inú ọpọlọ ló ti ń wá. Ó lé ní 2,000 ọdún kí ayé tó fi etí sí ọ̀rọ̀ náà.

Kódà nígbà tí wọ́n fi etí sí i, ọkàn wọn kò rọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1971, òfin gbà kí wọ́n tú ìgbéyàwó ká nítorí wárápá. Ní Amẹ́ríkà, títí di àwọn ọdún 1970, ẹni tó ni ilé oúnjẹ tàbí ilé eré lè lé oníwárápá jáde kí òfin má sì mú un. Ti Jámánì ló burú jù. Ní 1933, ìjọba Hitler ṣe òfin pé kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sọ àwọn ènìyàn kan di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Àwọn tí wọ́n ní wárápá wọn jẹ́ àjogúnbá wà lára wọn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni láti Jámánì kan náà ni ìwòsàn ti wá. Oògùn àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni bromide, tí Charles Locock sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1857, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ènìyàn di òkúùgbẹ́. Ní 1912, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Jámánì, Alfred Hauptmann, ń tọ́jú àwọn oníwárápá, kò sì lè sùn lóru nítorí ariwo wọn. Ó fún wọn ní oògùn oorun tuntun kan, phenobarbitone, kí òun àti àwọn lè sinmi. Ó wá rí i pé kì í ṣe oorun nìkan ni oògùn náà fà. Ìṣubú wọn dín kù gidigidi. Ọmọ Júù ni Hauptmann. Ìlú tó ṣe lóore lé e jáde nígbà tó yá. Amẹ́ríkà ló kú sí ní 1948. Ní Jámánì náà ni Hans Berger ti lẹ wáyà mọ́ orí ènìyàn ní 1924, tó sì rí iná ọpọlọ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe ń kọ ara rẹ̀ sórí ìwé. Ní 1929 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ní 1938, phenytoin tún jáde láti Boston ní Amẹ́ríkà, òun ni oògùn tó ń dá wárápá dúró láì fa oorun tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi máa ṣubú sínú iná, oògùn tí ì bá gbà á ti lo ọdún 52 láyé. Kò tíì dé agbo ilé wa ni.

Kì í ṣe pé kò sí nǹkan kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, ní Abẹ́òkúta. Ohun tí ayé fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni pé kò ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé àyíká, pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Wárápá kì í ṣe wèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Àró bá a wí: ènìyàn kì í gbádùn níbi tí kò bá sí ènìyàn. Ní 1957, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà ọmọ Yorùbá ti wá di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú àìsàn ọpọlọ.

Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn bá jà ni ìtọ̀ màlúù. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n: wọ́n á fi ewé tábà, ẹfirin, aáyù àti àlùbọ́sà rẹ sínú rẹ̀, wọ́n á sì dà á sí ọmọ tó ń gbọ̀n lẹ́nu. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970 fi hàn pé ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì máa ń sé èémí. Nínú àdúgbò wa, mo mọ ọmọ kan tí gìrì ṣe, tí gìrì náà ti fẹ́ lọ, kí wọ́n tó fún un mu. Kò jí mọ́. Gìrì la ní ó pa á.

Tiwa dé ní oṣù kejì ọdún 1966, oṣù kan lẹ́yìn tí àwọn ológun kọ́kọ́ gba ìjọba. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ní Ọ̀fà ló gba bàbá wa nímọ̀ràn. Láti 1908 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Ọ̀fà kọjá. Ó ti kó iṣu wa lọ, ó ti kó àwọn ọmọ wa lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó ronú pé ó lè gbé oníwárápá lọ rí ìwòsàn. Bàbá wa gbé ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀, ó di Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn ńlá kan.

Nígbà tí wọ́n dé, bàbá wa sọ fún wa pé ohun tó ya òun lẹ́nu jù kì í ṣe wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọmọ lórí. Dókítà tó rí wọn, ọmọ Yorùbá, kò bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀. Ó bi í bí ó ṣe máa ń ṣubú, apá wo ló máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n, ibà wo ló ti ṣe é rí. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀, kò jù ú sílẹ̀. Bàbá wa ní, "Ọdún mẹ́rin rèé, mi ò tíì rí àlejò tó fọwọ́ kàn án." Ibẹ̀ ló ti sunkún.

Oògùn náà jẹ́ hóró funfun kékeré, alaalẹ́ ló ń lò ó. Láàárín oṣù díẹ̀, ìṣubú tí ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ di ti oṣù méjì méjì, ó sì dákẹ́. Ìgbà tó dákẹ́ fún oṣù mẹ́jọ ni ẹnì kan sọ fún bàbá wa pé a ti ṣẹ́gun, kí ni a tún ń gbé oògùn jẹ sí? Bàbá wa dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, wárápá padà dé lóru, ó gbé e ṣánlẹ̀, kò tíì jí kí òmíràn tó tún gbé e, bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Díẹ̀ ló kù kí a sin ín. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: bí a bá dá oògùn wárápá dúró lójijì, ó lè pa ọmọ. Dókítà nìkan ló lè dín in kù, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọmọ bá ti lo bí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láì ṣubú.

A tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà òjò ọdún 1968 ló ṣubú kẹ́yìn. Ní 1971, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn náà kù títí ó fi tán. Kò padà wá mọ́ láti ìgbà náà.

Ṣé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni orí rẹ̀ dára ni? Rárá o. Ní ìlú Turku ní Finland, àwọn dókítà kan ń tọ́jú àwọn ọmọ oníwárápá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìgbà kan náà tí tiwa ń ṣubú ní Ìjàgbó. Wọn kò dágbére fún wọn. Wọ́n ń tẹ̀ lé wọn kiri fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ní 1998, Matti Sillanpää àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì jáde. Ọmọ 220 ni wọ́n rí ìtàn wọn dé òpin. 176 ló ṣì wà láyé. Nínú àwọn wọ̀nyí, 112 ti lo ó kéré tán ọdún márùn-ún láì ṣubú rárá, 83 kò sì lo oògùn kankan mọ́.

Mi ò ní fi apá kejì pamọ́, nítorí bàbá ọmọ yẹn ní kí a má purọ́ fún òun. 44 ti kú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí wárápá kò tíì fi sílẹ̀. Wárápá kan wà tó máa ń bá ọmọ dàgbà tó sì ń fi í sílẹ̀ nígbà tó bá bàlágà. Òmíràn wà tí oògùn á máa mú mọ́lẹ̀ jálẹ̀ ayé. Òmíràn sì wà tí oògùn kò ràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní wárápá láyé, pé bí a bá tọ́jú wọn bó ṣe yẹ, 70 nínú 100 lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣubú, ṣùgbọ́n ní àwọn ilẹ̀ aláìní, mẹ́ta nínú mẹ́rin kì í rí ìtọ́jú tó yẹ gbà.

Wọ́n tún rí nǹkan kan ní Turku tó dùn mí. Kódà lára àwọn tí kò ní àbùkù mìíràn, ìwé kíkà wọn kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ kò ṣègbéyàwó, iṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n fún wọn. Àìsàn lọ, ohun tí àìsàn bàjẹ́ kò padà. Èyí ni mo ń pè ní àpá.

A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé a lè dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun ti Ìbàdàn, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1935 tó sì kú ní 1995, kò dúró sí ilé ìwòsàn kó máa retí aláìsàn. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn ènìyàn nílé wọn ní Ìbàràpá, ojúlé sí ojúlé. Ní Ayétẹ̀, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1982, wọ́n rí ènìyàn 37 tó ní wárápá nínú gbogbo 1,000. Ní Igbó-Ọrà tí kò jìnnà sí ibẹ̀, wọ́n wo bí ènìyàn 19,000. Èsì tó jáde ní 1987 fi hàn pé ó jẹ́ 5.3 nínú 1,000. Yorùbá kan náà, ilẹ̀ kan náà. Kí ló fa ìyàtọ̀? Láti 1963 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Ìbàdàn ti gbé iṣẹ́ ìlera lọ sí Ìbàràpá, Igbó-Ọrà sì ni ìdí rẹ̀. Àwọn olùwádìí náà rò pé ìtọ́jú aboyún, agbẹ̀bí tó mọṣẹ́, àti ìtọ́jú ibà lásìkò ló dín wárápá kù níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn ayé ló ń fi í jà, ṣé wọn kò mọ ọ̀nà Igbó-Ọrà ni?

Ó ku ti ìgbéyàwó. Ẹ mọ bí a ṣe ń wádìí ìdílé: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá? Ọkùnrin méjì yí ẹ̀yìn padà sí ẹ̀gbọ́n mi nítorí ìbéèrè yẹn, lẹ́yìn tí àìsàn ti lọ lára rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà lọ́jà Ọ̀fà, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ọmọ ọdún 29 ni kí ẹnì kan tó wá tí àwọn ará ilé rẹ̀ kọ̀, tó ní òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Kò sí èyí tí wárápá ṣe. Gbogbo wọn ló kàwé ju ìyá wọn lọ, ó sì máa ń sọ pé òun ló jókòó sí kíláàsì nínú ara wọn.

Gbogbo èyí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti la ẹnu nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Ó ní, "Mi ò lè búra fún ọ pé yóò lọ. Ó ṣeé ṣe kó lọ. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin lọ́la, má sì fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Má yọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́. Má jẹ́ kó nìkan wà nídìí iná tàbí létí omi. Bó bá ṣubú, yí i sí ẹ̀gbẹ́, má fi nǹkan sí i lẹ́nu, má dì í mú; bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, sáré gbé e lọ. Bó lọ, bí kò lọ, àpá tó máa kù lára ọmọ yẹn, ọwọ́ yín ló wà."

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo sọ ti ẹ̀yìn àká. Mo ní kì í ṣe èmi ni mo pe ìyá wa.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ìyá wa ti sọ fún mi tipẹ́."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ń sọ fún àwọn ọmọ pé èmi ni mo gbà yín?"

Ó ní, "Mo rò pé bí o bá ń gbọ́ ọ léraléra, o ó ṣe é lọ́jọ́ kan. Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà yẹn, mi ò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n lónìí, ṣé ọmọ ọdún méje ṣì ni ọ́? O dúró lókèèrè, o ń wo aago."

Ẹ̀yin ará, mi ò ní èsì.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn fún ọmọ náà, kò sì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ yẹn, ó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, iwájú ilé wa ló ṣubú sí. Ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́jà. Àwọn ènìyàn ti ń fà sẹ́yìn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo fi fìlà mi tẹ́ ẹ lórí. Itọ́ rẹ̀ kàn mí lọ́wọ́. Ó gbóná díẹ̀, ó sì ń yọ̀, bíi ti ọmọ èyíkéyìí. Nígbà tó lajú, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé mo ti pẹ́?" Mo ní kò pẹ́. A jọ jókòó níbẹ̀ títí orí rẹ̀ fi wálé, mo sì fà á lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.